Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Shakespeare, Báńkì àti Físà Sọ́mà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ìsinmi sọ́mà lọ kàwé lókè òkun, pàápàá àwọn próógíráàmù tó ń pa bísínẹ́ẹ̀sì pọ̀ mọ́ lítíréṣọ̀. Mi ò lè dá gbogbo yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mú mẹ́rin jáde.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, bísínẹ́ẹ̀sì ni mò ń kà. Dípátímẹ́ǹtì wa gbé próógíráàmù kan jáde, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀sì méjì la máa ṣe, ọ̀kan lórí òwò àgbáyé, ìkejì lórí lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí lẹni tó fẹ́ di máníjà fẹ́ fi Shakespeare ṣe, kí n kúkú wá ibi tí mo ti máa ṣe ìńtáǹṣíìpù. Kí lẹ rò sí i?

Àbúrò mi, jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Shakespeare tí wọ́n ń sọ yẹn, oníṣòwò paraku ni. Kì í ṣe eré tó ń kọ nìkan ló ń mówó wọlé fún un o, ó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ òṣèré tó wà, nígbà tí wọ́n sì kọ́ tíátà Globe ní 1599, ó wà lára àwọn tó nípìn-ín nínú ilé náà, ìyẹn ni pé bí èrò bá ti ń wọlé, tiẹ̀ náà ń wọlé. Ẹni tí ò lówó á san pẹ́nì kan, á dúró níwájú ìtàgé, ẹni tó bá fẹ́ jókòó á fi pẹ́nì kan lé e, tó bá tún fẹ́ tìmùtìmù lábẹ́ ìdí, á tún fi òmíràn lé e. Ṣebí ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì nípa bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà nìyẹn. Ilé yẹn jóná ní 1613, èyí tó wà nítòsí ibẹ̀ báyìí, 1997 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró di òní. Tó o bá débẹ̀, ìdúró ni kó o rà, kó o wo àwọn tó jókòó lókè, kó o wá máa ronú nípa ẹni tó ń sanwó kí ni àti ìdí tó fi ń san án, títí ẹsẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́.

Látibẹ̀, sọdá odò lọ sí àárín City, àdúgbò àwọn báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Lombard Street àti King William Street ti pàdé. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, St Mary Woolnoth. Ní Lombard Street yẹn ni Edward Lloyd kó ṣọ́ọ̀bù kọfí ẹ̀ lọ ní 1691, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti àwọn oníṣòwò ló ń wá síbẹ̀, wọ́n ń mu kọfí lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìròyìn ni wọ́n wá gbọ́, ọkọ̀ wo ló ti gúnlẹ̀, ọkọ̀ wo ni wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́, ta ló ṣe tán láti gba ewu ẹrù ẹlòmíì lé orí. Ibẹ̀ ni Lloyd's tó ń ṣe ìńṣọ́ránsì títí dòní ti jáde. Ó wá ku ọ̀kan. T. S. Eliot, akéwì yẹn, òṣìṣẹ́ báńkì ni ní àdúgbò yìí kan náà láti 1917 dé 1925, ní Lloyds Bank (báńkì yìí àti Lloyd's tìńṣọ́ránsì kì í ṣe ọ̀kan náà o, orúkọ ló jọra), ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀ ló sì gbé ewì ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, The Waste Land, jáde ní 1922. Èrò tó ń wọ́ gba orí London Bridge lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ wà nínú ewì yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an wà nínú ẹ̀. Tó o bá dúró ní kọ̀rọ̀ yẹn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí ewì yẹn wà lọ́wọ́ ẹ, o ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún ẹ mọ́ ìdí tí wọ́n fi fi kọ́ọ̀sì méjèèjì sínú próógíráàmù kan.

Mi ò tíì débi Charles Dickens, òǹkọ̀wé ìtàn yẹn o, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n ju bàbá ẹ̀ sẹ́wọ̀n onígbèsè ní Marshalsea ní 1824, tí òun ń lẹ bébà mọ́ ara ìgò pólíìṣì bàtà nílé-iṣẹ́ kan kí ilé lè rí nǹkan jẹ. Ó kù díẹ̀ lára ògiri ẹ̀wọ̀n yẹn ní Southwark, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St George the Martyr, o lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó dàgbà tó ń kọ̀wé, díẹ̀díẹ̀ ló ń tà á, Pickwick Papers tó bẹ̀rẹ̀ ní 1836, oṣooṣù ló ń jáde, ṣílè kan ni apá kan, àwọn onípolówó ọjà náà ń sanwó fún ojú ewé nínú ẹ̀. Ẹni tí ò lè rówó ra odindi ìwé lẹ́ẹ̀kan á máa rí ṣílè kan lóṣù, nígbà tó fi máa parí, iye tí wọ́n ń tà ti tó bíi 40,000 lóṣù. Àwọn tó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ wa lórí fóònù lónìí, wọn ò dá nǹkan tuntun sílẹ̀ rárá! Ní 1855, ọdún tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ṣòfin pé tí kọ́ńpìnnì bá wó, iye tí olówó ìpín fi síbẹ̀ nìkan ló máa pàdánù, ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Little Dorrit jáde, ìtàn ẹ̀wọ̀n onígbèsè àti ọ̀gá olówó kan tí owó ẹ̀ wá di òfìfo tó sì kó bá gbogbo àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Òfin yẹn, o máa kà á nínú ìwé òfin òwò, o máa yege ìdánwò ẹ̀. Inú ìtàn yẹn lo ti máa rí bó ṣe rí lára ẹni tí gbèsè jẹ mọ́lẹ̀ kí òfin tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìńtáǹṣíìpù wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ọdún tó o máa jáde ló kù, tí ilé-iṣẹ́ gidi sì ti fún ẹ níwèé, èmi á ní lọ síbi iṣẹ́. Ọdún kejì lo wà, sọ́mà ṣì ń bọ̀. Nǹkan kan ni kó o kọ́kọ́ wádìí: ṣé àwọn olùkọ́ méjèèjì tiẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀? Ṣé iṣẹ́ kan wà tẹ́ ẹ máa ṣe tó pa kọ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀? Tí onílítíréṣọ̀ ò bá mọ ohun tí oníbísínẹ́ẹ̀sì ń kọ́ yín, kọ́ọ̀sì méjì tẹ́ ẹ kàn fẹ́ sáré ṣe ni, ìyẹn ò ní kó o rìn jìnnà.

Ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló mú ìwé próógíráàmù kan wálé. Mo wo fọ́tò inú ẹ̀, afárá, ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ kọ́ ni àbí fàájì? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kí n tó sanwó?

Ìyá wa, ẹ ò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ọmọ tó ń kọ àròkọ ní aago kan òru. Ẹ ní kó gba sílábọ́ọ̀sì wá fún yín, kì í ṣe ìwé aláwọ̀ mèremère yẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n kà kí wọ́n tó gbéra, iye wákàtí tí wọ́n fi ń wà ní kíláàsì lọ́sẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ àti ẹni tó máa máàkì ẹ̀. Tí ìwé kíkọ ò bá sí ńbẹ̀ rárá, tó kàn jẹ́ "àbẹ̀wò" síbí, "àbẹ̀wò" sọ́hùn-ún, fàájì ni, kò burú o, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún nìyẹn.

Ìṣirò díẹ̀ náà máa ń tú àṣírí. Lọ́dọ̀ àwọn yunifásítì Yúróòpù, kírẹ́díìtì 60 ni ọdún kan, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, kíláàsì àti ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá kà lápapọ̀. Kọ́ọ̀sì kírẹ́díìtì mẹ́fà á gba wákàtí 150 ó kéré tán. Tẹ́nì kan bá wá ń ṣèlérí irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn wákàtí 100 lọ́sẹ̀ ó kéré tán o, tí wọ́n tún ní ìrìn-àjò wà ní gbogbo wíkẹ́ńdì, ìgbà wo lọmọ fẹ́ sùn?

Ẹ tún béèrè ẹni tó ni próógíráàmù náà. Nígbà mìíì olùkọ́ yunifásítì ọmọ fúnra wọn ló ń kó wọn lọ, nígbà mìíì yunifásítì tó wà lọ́hùn-ún ló ń ṣe sọ́mà tiẹ̀ tó sì ń gba ọmọ láti ibi gbogbo, bíi LSE (London School of Economics) ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà mìíì sì rèé, ilé-iṣẹ́ aṣojú kan ló kó gbogbo ẹ̀ jọ. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè pé orúkọ ilé-ìwé wo ló máa wà lórí èsì. Kí ọmọ yín gba ímeèlì lọ́wọ́ dípátímẹ́ǹtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, pé kírẹ́díìtì yẹn máa wọlé, àti bóyá máàkì ẹ̀ máa wọ inú àròpọ̀ èsì ẹ̀ àbí wọ́n kàn máa kọ ọ́ pé ó yege. Èyí tí wọ́n fẹnu sọ ní kọ̀rídọ̀, tí ọ̀gá yẹn bá kúrò nípò, ó parí. Owó tí wọ́n kọ síwájú ìwé sì kọ́ ni gbogbo owó o, ẹ bi wọ́n léèrè ọkọ̀ òfuurufú, oúnjẹ, ọkọ̀ inú ìlú, físà, ìńṣọ́ránsì, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ lè yẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ sì rí owó yín gbà padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé físà àbẹ̀wò tó fún kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Mo fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí n tún fẹsẹ̀ kan dé Paris àti Dublin ní wíkẹ́ńdì.

Ó kù síbi tó ò ń lọ. Ní UK, físà àbẹ̀wò gbà kó o kàwé tó oṣù mẹ́fà tó bá jẹ́ ilé-ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Amẹ́ríkà yàtọ̀, tí kọ́ọ̀sì yẹn bá ń fúnni ní kírẹ́díìtì fún dìgírì, físà àbẹ̀wò ò tó, F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ló sábà máa ń jẹ́, ilé-ìwé ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ fún ẹ ní ìwé I-20 tó fi hàn pé wọ́n ti gbà ẹ́. Paris wà lábẹ́ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, ọjọ́ 90 nínú 180 ni wọ́n ń gbà, o lè kọ̀wé béèrè ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kó má sì dín ní ọjọ́ 15, ìńṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó tó 30,000 yúrò sì gbọ́dọ̀ wà. Dublin ni ọ̀pọ̀ ń ṣì mú, torí Ireland ò sí nínú Schengen. Tí pásípọ́ọ̀tù ẹ bá jẹ́ èyí tó nílò físà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, físà mẹ́ta lò ń wí yẹn o, fún wíkẹ́ńdì méjì. Èmi á yan ọ̀kan. Kó o sì rí i pé físà UK ẹ jẹ́ èyí tó gbà ẹ́ láyè láti jáde kó o tún wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kà, wọ́n ti gbà mí sí próógíráàmù kan ní Edinburgh, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì bísínẹ́ẹ̀sì tó wà nínú ẹ̀ ń já mi láyà. Ìṣirò ò bá mi mu. Kí ni kí n kà sílẹ̀?

Edinburgh kẹ̀! Wọ́n ṣe ẹ́ dáadáa. Òun ni ìlú tí UNESCO kọ́kọ́ pè ní ìlú lítíréṣọ̀, 2004 nìyẹn, tó bá sì di oṣù August, àjọ̀dún ìwé àti ti eré máa ń wáyé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé orí òpópónà.

Mú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọjà, o ti mọ ọjà yẹn ju àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì lọ. Ka bí òfin 1710 ní Bírítéènì ṣe fún òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ ẹ̀ fún ọdún 14, àti 14 mìíì tó bá ṣì wà láàyè. Ka bí Penguin, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé gidi ní sísì (pẹ́nì mẹ́fà) ní 1935, kó o bi ara ẹ pé ẹ̀dà mélòó ni wọ́n máa tà kó tó jèrè lórí sísì. Ìṣirò tó ń bà ẹ́ lẹ́rù nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá lè ṣàlàyé owó tó wọlé, ìnáwó, èrè, àti ìdí tí ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè fi lè má rówó san owó oṣù, o ò ní sọnù ní kíláàsì.

Tó o bá débẹ̀, yan ìwé kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, kó o tọpasẹ̀ ẹ̀. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Èló ni? Ṣé orí tábìlì iwájú ló wà àbí wọ́n fi ẹ̀yìn ẹ̀ síta lórí ṣẹ́ẹ̀fù lẹ́yìn pátápátá? Ta ló pinnu ìyẹn? Wá wákàtí tí ṣọ́ọ̀bù dá, kó o bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwọn tó ń tàwé máa ń fẹ́ràn ká bi wọ́n nírú ìbéèrè yẹn. Wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ pín ara yín sí gúrúùpù, má lọ há mọ́ àárín àwọn ará dípátímẹ́ǹtì ẹ, wá oníbísínẹ́ẹ̀sì kan tó ń sá fún ewì bó o ṣe ń sá fún ìṣirò. Àti pé ìwé tí wọ́n yàn fún yín, kà á tán kó o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, torí tó o bá ti débẹ̀ ní August, o ò ní ráyè.