Ilẹ̀ tó ti rẹ̀: ṣé ìgbẹ́ màlúù nìkan tó o?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Mo ní púlọ́ọ̀tì méjì lójú ọ̀nà Ìdòfìàn, àgbàdo ni mo sì ń gbìn síbẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n láti ṣóńṣó wá, ilẹ̀ sì le koko. Fatiláísà ti wọ́n jù. Àwọn Fúlàní inú gáà tó wà nítòsí ní kí n wá kó ìgbẹ́ màlúù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ dáná sun pòpórò tó wà nílẹ̀ kí n tó dà á síbẹ̀. Ṣé yóò tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oko o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣáná.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ewé yẹn, náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú kí ewé irúgbìn tutù yọ̀yọ̀, ló ń wọ́n ilẹ̀ yín, iná sì wà lára ohun tó ń kó o lọ. Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ agbègbè Ìlọrin, iyanrìn kì í sì í di omi tàbí oúnjẹ mú. Ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà ló ń bá a dì í mú. Bí ẹ bá sun pòpórò, náítírójìn inú rẹ̀ á bá èéfín lọ, eérú nìkan ló máa kù. Pòtásíọ̀mù, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, wà nínú eérú o, ìdí nìyẹn tí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun fi máa ń ṣe dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn bàbá wa rí i bẹ́ẹ̀, wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó padà di igbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní púlọ́ọ̀tì méjì péré, ibo lẹ fẹ́ ṣí lọ?

Ìgbẹ́ màlúù dára, àmọ́ ẹ má kó o ní tútù sídìí àgbàdo. Màlúù ń jẹ koríko tòun tèso, èso ọ̀hún kì í sì í kú tán nínú ikùn rẹ̀. Èpò lẹ máa fọwọ́ ara yín gbìn. Ẹ kọ́kọ́ fi àdá gé pòpórò wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sílẹ̀, ẹ da ìgbẹ́ lé e, ẹ tún fi koríko tútù tí kò tíì so lé e, ẹ máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí i, títí òkìtì yóò fi ga dé ìbàdí. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ó yẹ kó tutù láì máa ro omi. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó bá gbóná débi tọ́wọ́ ò fi lè gbà á, ooru ń pa èso èpò nìyẹn. Ó máa ń tó 55 sí 60 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá ti ń tutù, ẹ yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sáàárín. Bó bá ń rùn bí ìtọ̀, ìgbẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ fi pòpórò kún un. Èyí tẹ́ ẹ bá tò lóṣù kìíní á ti dúdú, á sì ti máa rùn bí ilẹ̀ igbó nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ lóṣù kẹrin.

Kílò kan sí mítà kan níbùú lóròó ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lórí púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ó tó àpò mẹ́sàn-án tó jẹ́ kílò 50. Ti màlúù kò lágbára tó ti adìẹ, nítorí náà bí ẹ bá rí ìlọ́po méjì, ẹ lò ó. Orí ebè ni kẹ́ ẹ dà á sí.

Ẹ má tún gbin àgbàdo lé àgbàdo mọ́. Ẹ fi ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sí púlọ́ọ̀tì kan, kẹ́ ẹ pààrọ̀ wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ hú ìdí ẹ̀pà kan wò kó tó gbó: kókó wẹ́wẹ́ wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá kórè ẹ̀wà tán, ẹ gé e nídìí, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò kù sílẹ̀. Pòpórò tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè. Ikán á jẹ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ.

Ọ̀rọ̀ fatiláísà: bí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ máa ta àgbàdo náà gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò ní kẹ́míkà rárá, èmi ò ní kẹ́ ẹ pa á tì lójijì. Ẹ dín in kù sí ìdajì lọ́dún àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àgbàdo á já yín kulẹ̀.

Àwọn ará gáà náà ńkọ́? Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n máa so màlúù mọ́lẹ̀ sínú oko yín lálẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n máa sún ibi tí wọ́n so wọ́n sí kiri, kí wọ́n sì kó wọn kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á bọ́ sílẹ̀ láìsí owó ọkọ̀. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn kúrò níṣojú ẹlẹ́rìí.