Ìbéèrè yín lórí ìtọ́jú ojú: Omi bọ̀hóòlù kì í ṣe omi lẹ́ǹsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Torí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe ra lẹ́ǹsì aláwọ̀ eérú, èyí tí wọ́n ń fi sójú. Lọ́jọ́ kejì, ojú mi pọ́n, ó sì ń ta mí, àmọ́ ó ti lọ báyìí. Omi lẹ́ǹsì, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ti tán, mo bá rẹ ẹ́ sínú omi bọ̀hóòlù tí mo sè. Ṣé mo lè tún un lò níbi ìkómọ tó ń bọ̀? Àbúrò mi náà fẹ́ yá a. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kí n máa yọ ọ́ kí n tó ṣe àlùwàlá. — Ọmọge Adéwọlé, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ kó o dànù tòun ti ike rẹ̀. Ká ní ojú ṣì ń dùn yín ni, a ò bá ní kẹ́ ẹ mú méjèèjì lọ fún dókítà ojú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò.

Kòkòrò kan tójú ò lè rí, Acanthamoeba, máa ń wà nínú omi kànga, ti bọ̀hóòlù àti ti ẹ̀rọ. Téèyàn bá mu ún, kì í sábà ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tó bá há sábẹ́ lẹ́ǹsì, ó lè máa jẹ awọ mímọ́ gaara tó bo dúdú ojú, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Omi tẹ́ ẹ sè pàápàá, bó bá ti tutù sínú ike, kòkòrò mìíràn lè wọ ibẹ̀, kò sì sí oògùn nínú rẹ̀ tí yóò pa á. Omi lásán tún máa ń mú lẹ́ǹsì wú, kó lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Fífi itọ́ ẹnu rin lẹ́ǹsì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Ẹ gbé lẹ́ǹsì sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kán omi lẹ́ǹsì sí i, kẹ́ ẹ fi orí ìka rọra ra á tinú tẹ̀yìn fún bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá, bí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára ìgò pé kò pọn dandan. Ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi lẹ́ǹsì tuntun fún iye wákàtí tó wà lára ìgò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bu tuntun lé ti àná: agbára oògùn inú ti àná ti dín kù, ẹ dà á nù. Ẹ fi omi lẹ́ǹsì ṣan ike náà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tíṣù láìdé e. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ ra ike mìíràn.

Lẹ́ǹsì olóṣù kan, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ̀ báà lò ó lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ti àbúrò yín, ẹ má yá a. Kòkòrò ojú yín yóò bá a lọ, ìtẹ̀kọrọ ẹyinjú yín sì lè má dọ́gba. Kí kálukú lọ wọn ojú ẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ojú, ì báà jẹ́ ti fáàárí.

Ní ti àlùwàlá, kò pọn dandan. Fífọ inú ẹyinjú kò sí níbẹ̀. Ẹ di ojú pinpin, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó là á. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ tàbí sùn, ì báà ṣe oorun inú ọkọ̀ Ọ̀ffà, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi lẹ́ǹsì sójú kẹ́ ẹ tó lé tìróò.

Bí ojú bá tún pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta á, tàbí tẹ́ ẹ rí funfun lórí dúdú ojú, ẹ yọ ọ́ kíá, kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú lọ́jọ́ náà gan-an, bíi UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ má kàn ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì: èyí tó ní stẹ́rọ́ìdì lè mú kí pípọ́n lọ, kí kòkòrò sì máa jẹ ẹyinjú lọ lábẹ́lẹ̀.