Ṣé iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa tó owó tí à ń san?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́sàn-án là ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ mi. Láti bí ọdún mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ kan ti ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì àti ímeèlì, oṣooṣù la sì ń sanwó fún wọn. Wọn kì í rí wa fín, tá a bá pè wọ́n, wọ́n ń dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n oṣù míì wà tá ò ní pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, owó á ṣì lọ. Ẹnì kan wá sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé ìdajì iye yẹn lòun máa gbà. Èmi fúnra mi ò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kọjá kí n fi tẹ lẹ́tà. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àròjinlẹ̀. Oṣù tẹ́ ò pè wọ́n yẹn gan-an ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ oṣù tí wọ́n ṣiṣẹ́ jù lọ, ó sì lè jẹ́ oṣù tí wọ́n sùn. Lójú ẹni tó dúró síta, bákan náà ni méjèèjì rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, sọ́fítíwià olè tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò yẹn wọlé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Ẹni tí oníṣẹ́ rẹ̀ ti fi àtúnṣe yẹn sórí ẹ̀rọ láàárín oṣù méjì náà, ihò ti dí lára tiẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í mú kí fóònù dún.

Nítorí náà, ẹ má fi iye ìgbà tẹ́ ẹ pè wọ́n díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: kọ̀ǹpútà mélòó la ní, Windows wo ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni àtúnṣe wọlé sórí rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́ á mú un jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bẹ́ ẹ bá rí Windows 10 níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i, torí láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, àfi èyí tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àfikún àkókò.

Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù kò gba ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ mú fáìlì kan tí kò wúlò, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ̀ ń kó iṣẹ́ yín sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á rẹ́, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e padà. Ẹ wo aago. Bí wọ́n bá ní ojoojúmọ́ làwọn ń ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́ fáìlì yín, ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì ni títí fáìlì á fi padà dé. GitLab, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, rí i lójú ara rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ wọn kan ṣèèṣì pa àkójọ dátà tí wọ́n ń lò rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn ní láti gbé e padà, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú wọn. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Ohun tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn lọ pátápátá. Àwọn tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn o.

Ẹ tún béèrè ibi tí ẹ̀dà náà wà. Òfin tí àwa oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí dátà wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà níbòmíràn tó jìnnà sí ọ́fíìsì yín. Ẹ̀dà tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tọ̀sán-tòru, olè tó bá ti fáìlì yín pa á ti òun náà pa. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Google Drive, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ọkàn yín balẹ̀: ohun tẹ́ ẹ bá jù sínú pàǹtírí ibẹ̀, ọjọ́ 30 ló máa lò kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù àti orúkọ ẹni tí nǹkan yín wà lábẹ́ rẹ̀, ló ń dùn mí jù. Obìnrin oníṣòwò kan ránṣẹ́ pè mí nígbà kan. Òun àti ẹni tó ń bá a tọ́jú kọ̀ǹpútà ti jà. Orúkọ ọkùnrin yẹn ló wà lórí domain, ìyẹn orúkọ tí ìkànnì àti ímeèlì ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́, ímeèlì tiẹ̀ sì ni ìkìlọ̀ pé owó ọdún ti tó ń lọ bá. Ọdún pé, kò sanwó, kò gbé ìpè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ímeèlì gbogbo òṣìṣẹ́ kú. Àwọn oníbàárà ń kọ̀wé, ìwé wọn ò dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi sáré ká tó gbà á padà. Ọkùnrin náà mọṣẹ́ dáadáa, kò sì sí ìgbà tí wọ́n pè é tẹ́lẹ̀ tí kò wá.

Torí náà, orúkọ ilé iṣẹ́ yín ni kó wà lórí domain, ímeèlì ẹ̀yin fúnra yín ni kí ìkìlọ̀ máa wá sí. Kí àkáǹtì alákòóso kan, ìyẹn èyí tó láṣẹ lórí àkáǹtì gbogbo òṣìṣẹ́, wà lọ́dọ̀ Google tàbí Microsoft tó jẹ́ tiyín, kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa. Bí wọ́n bá ní ẹ máa ba nǹkan jẹ́, ẹ lè ṣèlérí pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ má gbà láéláé pé kó má sí lọ́wọ́ yín.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn olè gba inú sọ́fítíwià ilé iṣẹ́ Kaseya, èyí tí àwọn atọ́jú-kọ̀ǹpútà fi ń dé orí ẹ̀rọ oníbàárà wọn láti òkèèrè, wọ ẹ̀rọ àwọn oníbàárà náà. Kaseya fúnra rẹ̀ ṣírò pé ilé iṣẹ́ bíi 800 sí 1,500 ló fara gbá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tóbi. Ẹ bi àwọn tiyín bóyá ìgbésẹ̀ méjì ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó wọlé sórí ẹ̀rọ yín, bíi páásíwọ́ọ̀dù àti kóòdù orí fóònù, bóyá òṣìṣẹ́ wọn kọ̀ọ̀kan ló ní páásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀.

Ẹ ní wọ́n ń dá yín lóhùn. Ó dáa, àmọ́ ìdáhùn kọ́ ni àtúnṣe. Ẹ gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá ohun tó ń padà wá nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò tíì tún un ṣe.

Ẹni tó ní ìdajì lòun máa gbà, mi ò bú u. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí ímeèlì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Google tàbí Microsoft lè má nílò gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó yọ kúrò kó tó di ìdajì. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni, ọjọ́ tí nǹkan yín bá bàjẹ́ lowó ń wọlé fún un.

Ẹ fi fáìlì yẹn síbẹ̀ lónìí. Bí wọ́n bá gbé e padà lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ pè wọ́n, tí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún yín láìfa ọ̀rọ̀ gùn, tó bá jẹ́ èmi ni, màá dúró tì wọ́n, màá sì ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ tún owó náà sọ. Bí wọ́n bá ń yí ẹnu lórí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sọ fún wọn pé ẹ̀ ń lọ. Ẹ gba domain àti àkáǹtì alákòóso yẹn ná, kí ẹ̀yin fúnra yín wọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé ó ṣí, kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìdágbére.