Kí ló ya “borrow” sọ́tọ̀ sí “lend”, tí “rob” kò sì lè rọ́pò “steal”?

Ìbéèrè tí mo ń dáhùn nìyí: ìgbà wo ló yẹ kéèyàn lo “borrow”, ìgbà wo ló yẹ kó lo “lend”? Kí ló sì dé tí “rob” àti “steal” kò fi lè gba ipò ara wọn, nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ olè ni méjèèjì ń sọ? Ìbéèrè gidi ni, torí ẹni tó há ìtumọ̀ wọn sórí dáadáa ṣì lè ṣì wọ́n lò. Ohun tó máa ń gbani ni kéèyàn wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé wọn nínú gbólóhùn: ṣé èèyàn ni, àbí nǹkan?

Ẹ wo “yá” tiwa ná. Ẹni tó ń gbà ń lò ó, ẹni tó ń fúnni náà ń lò ó. “Mo yá ìwé lọ́wọ́ Adé”: èmi ni mo gbà á. “Mo yá Adé ní ìwé”: èmi ni mo fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. “Lọ́wọ́” àti “ní” ló ń sọ fún wa ibi tí ìwé ti wá àti ibi tó lọ. “Kọ́” náà rí bẹ́ẹ̀: “Mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀”, “Ó kọ́ mi ní ìṣirò.” Inú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ yìí sí. Ẹni tó ń gbà ló ni “borrow”, nǹkan tó gbà ló sì máa tẹ̀ lé e, kí “from” tó mú ẹni tó ni ín wá: “I borrowed the book from Ade.” Ẹni tó ń fúnni ló ni “lend”, èèyàn sì lè tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “I lent Ade the book”, tàbí “I lent the book to Ade.”

Ìdí nìyẹn tí “Borrow me your pen” fi jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó sọ ọ́ ń ro “yá mi” lọ́kàn, èrò rẹ̀ kò sì burú rárá, àmọ́ “borrow” kì í gba “me” bẹ́ẹ̀. “Lend me your pen” ló yẹ kó sọ, tàbí “May I borrow your pen?”

Kì í kúkú ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe bíi ti Yorùbá. Ẹ wo “rent”. Onílé lè sọ pé “I rent the house to them”, ayálégbé náà lè sọ pé “We rent the house from him.” “To” àti “from” ló ń ya ọ̀rọ̀ ẹnì kìíní sọ́tọ̀ sí ti ẹnì kejì níbẹ̀, bí “ní” àti “lọ́wọ́” ṣe ń ṣe fún wa. “Learn” pàápàá rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Láyé Shakespeare, èèyàn lè fi “learn” sọ pé òun kọ́ ẹlòmíì ní nǹkan. Lónìí, “teach” nìkan ni wọ́n gbà fún ìyẹn nínú ìwé kíkọ.

Ní ti “rob” àti “steal”, èdè wa ti là á sílẹ̀ fún wa. Wọ́n jí fóònù mi. Wọ́n jà mí lólè. Kò sí ẹni tó máa sọ pé “wọ́n ja fóònù mi lólè.” “Steal” ni “jí”, nǹkan tí wọ́n mú lọ ló ń tẹ̀ lé e: “They stole my phone.” “Rob” ni “jà lólè”, ẹni tàbí ibi tí wọ́n kó lẹ́rù ló ń tẹ̀ lé e: “They robbed me”, “They robbed the bank.” Tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ohun tí wọ́n kó, ẹ fi “of” sí i: “They robbed me of my phone.” Ẹ má sọ pé “They stole me” o, torí ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé wọ́n jí yín gbé.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí òfin mọ̀. Nínú Theft Act ti ọdún 1968, ìyẹn òfin tó dá lórí olè jíjà nílẹ̀ England, abala 8 sọ pé kí olè jíjà tó di “robbery”, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti lo agbára tàbí kó dẹ́rù ba èèyàn pé òun máa lò ó, kó lè rí nǹkan náà jí. Ẹni tó rọra mú fóònù lórí tábìlì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i ti jalè, “theft” ni, kì í ṣe “robbery.” Abala 9 ló sọ̀rọ̀ “burglary”, ìyẹn ti ẹni tó wọ ilé tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀, bóyá torí kó lè jalè níbẹ̀.

“Affect” (kí nǹkan nípa lórí nǹkan míì) àti “effect” (ipa tó ní) náà wà lára ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń ṣì lò, àmọ́ wọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni ìkejì lọ́pọ̀ ìgbà: “The rain affected the game”, “the effect of the rain.” Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ ni pé “effect” náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí pé kéèyàn mú nǹkan ṣẹ, bíi “to effect a change.”

Àwọn tó ń bínú torí “less” àti “fewer” ni mo fẹ́ fi èyí tó kù bá sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wa ni pé “fewer” wà fún ohun tó ṣeé kà, “less” sì wà fún ohun tí kò ṣeé kà: “fewer books”, “less water.” Àmọ́ láyé Alfred, ọba kan nílẹ̀ England àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 888, wọ́n ti ń lo “less” fún ohun tó ṣeé kà. Ọdún 1770 ni Robert Baker, òǹkọ̀wé kan tó kọ̀wé nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé “fewer” dùn mọ́ òun ju “less” lọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èrò tirẹ̀ ló sì pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn sọ ọ́ di òfin. Nínú ìdánwò tàbí lẹ́tà iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé òfin náà. Tó bá jẹ́ àkókò, owó tàbí ọ̀nà jíjìn ni, “less” ló tọ́, kódà tí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀: “less than ten minutes”, “less than five miles”, torí odindi kan ṣoṣo la ka gbogbo rẹ̀ sí.