Akáúntìn ni mo kà ní yunifásítì: ṣé mo lè ka másítà nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbo ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Akáúntìn ni mo fi gboyè, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irin àti sìmẹ́ńtì ni mo sì ti ń bá ṣírò owó láti ìgbà tí mo ti sìnrú ìlú tán. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, mo rí bí oníṣẹ́ ìtọ́jú kan ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, ọkàn mi sì fà sí iṣẹ́ náà. Ṣé dandan ni kí n padà sí ọdún kìíní, àbí mo lè bọ́ sí másítà tààrà? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú aájò bàbá. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Kì í ṣe dandan kí o padà sí ọdún kìíní. Ṣùgbọ́n kí o tó náwó rárá, pinnu ilẹ̀ tí o fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á sanwó kọ́ọ̀sì, wọ́n á làágùn parí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń lọ kò sì ní kà á sí. Òfin iṣẹ́ wa yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Ní Amẹ́ríkà, ASHA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ àti ìgbọ́ràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Másítà láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ wọn fọwọ́ sí ni wọ́n ń béèrè. Wọn kò sọ pé ohun kan pàtó ni kí o fi gba oyè àkọ́kọ́. Àmọ́ wọ́n fẹ́ rí ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí o ti kọ́ ní ipele yunifásítì: bàọ́lọ́jì, físíìsì tàbí kẹ́mísìrì, sítatísítíìsì, àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá bíi sàíkọ́lọ́jì tàbí sosiọ́lọ́jì. Gbé ìwé máàkì rẹ jáde, kí o wò ó. Sítatísítíìsì tí àwọn akáúntìn ń kọ́ ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, bí ó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì tó dá dúró. Bàọ́lọ́jì tí o ṣe ní WAEC kò tó.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ á fẹ́ kí o ti kọ́ fonẹ́tíìkì (ẹ̀kọ́ nípa ìró ọ̀rọ̀), bí ara ṣe ń mú ọ̀rọ̀ jáde, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, àti ẹ̀kọ́ nípa ìgbọ́ràn. Àwọn kan ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn á fi kún àkókò másítà rẹ. Ìwọ kọ̀wé béèrè kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n máa gbà.

Fonẹ́tíìkì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, o sì lè bẹ̀rẹ̀ nílé lálẹ́ òní. Pe “àpò”. P tí a ń kọ yẹn, k àti p ni ẹnu ń pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, [kp] ni àwọn onímọ̀ ìró sì ń kọ ọ́. Ṣ wa ni [ʃ], ẹ ni [ɛ], y sì ni [j]. Tí ó bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́, jókòó ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kan. Bí ó bá pe igbá ní “ibá”, tí ó pe ọkọ̀ ní “ọtọ̀”, kọ ọ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, má bá a tún un ṣe. Kí o wá fetí sí ohùn: ṣé ó gbé òkè sí ibi tí òkè wà? Igbá, igba, ìgbà: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìdánwò tí à ń lò fún àwọn ọmọdé, ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wo ohùn. Àwọn ọmọ wa nílò ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí pé irú wa kò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, wá oníṣẹ́ tí o lè jókòó tì. Béèrè ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà. ASHA ń béèrè 400 wákàtí iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó, 25 nínú rẹ̀ jẹ́ ti wíwò. Èyí tí o bá wò níhìn-ín kò ní wọ inú rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń bójú tó ọ bá ní ìwé-ẹ̀rí wọn. Wò ó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ nìkan là ń tọ́jú, bẹ́ẹ̀ gbígbé oúnjẹ mì wà lára iṣẹ́ wa. O máa rí aláìsàn tí omi ṣíbí kan tá lórí, tó ń wúkọ́, tí itọ́ ń dà. Ó dára kí o mọ̀ kí o tó lọ bóyá o lè fara dà á lójoojúmọ́.

Ìwé tí wọ́n á ní kí o kọ nípa ara rẹ, má fi ìbànújẹ́ nìkan kún un. Kọ ohun tí o rí. Ṣé bàbá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta láìdúró, tí wọn kò sì lè dárúkọ ife tó wà lọ́wọ́ wọn? Ṣé epo ni wọ́n ń pè nígbà tí òùngbẹ omi ń gbẹ wọ́n? Kí ni oníṣẹ́ náà ṣe nígbà yẹn? Irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n á fi mọ̀ pé o lójú iṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, másítà ọlọ́dún méjì wà tí HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, fọwọ́ sí. Wọ́n máa ń béèrè IELTS tó ga, tó lè dé 7.5 tàbí 8, nítorí náà tètè múra. Yunifásítì Ghana náà ní másítà iṣẹ́ yìí, kò sì jìnnà sí wa. Bí o bá fẹ́ dúró nílé, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ni kí o kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1988, ló ń fún àwọn oníṣẹ́ wa ní láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà. Kọ̀wé sí wọn kí o tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sọ fún ọ bóyá wọ́n á fi orúkọ ẹni tó gba ọ̀nà tí o fẹ́ gbà yìí sílẹ̀. Gba èsì wọn ní kíkọ.

Má fún ajẹ́ǹtì lówó láti ṣe ìyẹn fún ọ. Bí o bá sì ti yan Amẹ́ríkà, tètè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ àtijọ́, kí wọ́n fi ìwé máàkì rẹ ránṣẹ́ tààrà sí ilé-iṣẹ́ tó máa gbé e yẹ̀ wò, irú èyí tó ń to kọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí sítatísítíìsì rẹ.