Ìdáhùn: "Owó mi fẹ́ kọjá £100,000 lọ́dún, ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni kí n dìbò fún?"

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní wọ́n ṣe ìgbéga fún ọ níbi iṣẹ́, pé bónọ́ọ̀sì oṣù kẹta máa gbé owó ọdún rẹ kọjá £100,000, pé ọmọ rẹ ọlọ́dún méjì ṣì wà ní nọ́sìrì. O wá bi wá pé nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, èwo ló máa gba irú yín sílẹ̀, àbí kí o má wulẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rárá. Màá dé orí ìbò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, torí bónọ́ọ̀sì yẹn ò ní dúró de ọjọ́ ìbò.

Ọdún 2022 ni tèmi. £97,000 ni mò ń gbà, wọ́n sọ ọ́ di £101,500, bónọ́ọ̀sì £6,000 tún wọlé. A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi se ìrẹsì, a pe àwọn ará àdúgbò wa ní Thamesmead. Kò sẹ́ni tó là mí lóye pé bí owó èèyàn bá ti kọjá £100,000, ìjọba á bẹ̀rẹ̀ sí í já £12,570 tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ gbà: £1 fún gbogbo £2 tó bá fi kọjá, títí yóò fi tán pátápátá ní £125,140. Nínú £7,500 tí mo fi kọjá, £4,500 bá owó orí lọ. 60 nínú 100 nìyẹn, ká má tíì ka National Insurance, owó mìíràn tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù. Ẹni tó ń gba £200,000, 45 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí owó tuntun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ó wá ku ti àwọn ọmọ. Méjì la ní ní nọ́sìrì nígbà yẹn, ọ̀kan ti pé ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń bi wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ń retí pé owó òun máa kọjá £100,000. Mo sọ òótọ́. Wákàtí 30 ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ ní nọ́sìrì di 15. Owó tí ìjọba ń fi kún owó nọ́sìrì, £2,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, dáwọ́ dúró lórí àwọn méjèèjì. Wákàtí 15 tó bọ́ yẹn, £6 ni nọ́sìrì wa ń gbà fún ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún. Ṣírò ẹ̀: £3,420, pẹ̀lú £4,000. Nítorí £3,000 tó ṣẹ́kù nínú ìgbéga, a pàdánù £7,420. Bí èmi àti ìyàwó mi bá ń gba £99,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ la ò bá máa jẹ lọ. Ẹnì kan péré tó bá fi £1 kọjá ti ba ti gbogbo ilé jẹ́.

Ibi tó ṣì ń dùn mí títí dòní ni ti fọ́ọ̀mù. Nígbà náà, ẹni tí owó rẹ̀ bá ti ju £100,000 lọ gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù owó orí fúnra rẹ̀, bí ibi iṣẹ́ tilẹ̀ ń yọ owó orí lóṣooṣù. Mi ò mọ̀. A ti kó lọ sí Chatham, lẹ́tà àwọn agbowó orí sì ń lọ sí ilé àtijọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ayálégbé tó wà níbẹ̀ pè mí. Ó ti tò wọ́n jọ sórí pákó ojú fèrèsé, mẹ́sàn-án, àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ihò kékeré tí orúkọ mi ti ń yọjú. Inú ọkọ̀ ni mo ti ya wọ́n, mi ò lè dúró dé ilé. £100 torí pé mi ò kọ fọ́ọ̀mù kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kìíní. £10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 90, ìyẹn £900. £300 torí pé oṣù mẹ́fà ti kọjá. Nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù náà tán, wọ́n ní mo jẹ £1,500 owó orí, wọ́n fi £75 lé e lẹ́ẹ̀mejì, èlé tún wà lẹ́yìn. Mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn títí iná òpópónà fi tàn.

Mo pè wọ́n. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi gbọ́ orin, ìlà sì já. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Èsì wọn ni pé ojúṣe mi ni láti fi àdírẹ́ẹ̀sì tuntun tó wọn létí. Àdírẹ́ẹ̀sì tuntun yẹn wà lórí ìwé owó oṣù mi láti ìgbà tí a ti kó! Àkáǹtáǹtì tí mo san £400 fún wá wò mí lójú, ó ní ká ní mo ti fi £6,000 sínú owó ìfẹ̀yìntì kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2023, kò sí èyí tó máa ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ló ṣe sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣètò owó oṣù wa mọ̀, ọ̀gá mi mọ̀, ó ń ṣe é lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Ohun tó o máa ṣe ò le. Bí ibi iṣẹ́ rẹ bá gbà, sọ fún wọn kí wọ́n tó san bónọ́ọ̀sì pé kí wọ́n darí rẹ̀ sínú owó ìfẹ̀yìntì tààrà. Bí wọn ò bá gbà, san án fúnra rẹ sí irú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tó ń bá èèyàn gba owó orí padà: o san £6,000, wọ́n á fi £1,500 kún un, £7,500 ni wọ́n máa yọ nínú iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ. Kó ti wọlé kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin.

Ìdámẹ́wàá rẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ń fi owó sínú àpò ìwé lọ́jọ́ Ìsinmi láìkọ orúkọ sí i. Bí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ bá ń ṣe Gift Aid, ètò tí ìjọba fi ń dá owó orí orí ọrẹ padà, fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, máa san án láti báńkì. £4,000 tó o bá fi sílẹ̀, £5,000 ni wọ́n máa kà á sí, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ. Bẹ́ẹ̀ náà lo gbọ́dọ̀ ka owó ilé tó o fi háyà ní Ìbàdàn mọ́ owó rẹ, ìjọba ibí ń kà á mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì ní kí o wá gba owó iṣẹ́ rẹ bí ẹ̀yáwó, pé owó orí ò ní kàn án, sá fún un. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọdún 2019 tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń san gbèsè rẹ̀.

Ní ti ìbò. Àwọn Labour ló dá kòtò £100,000 yìí sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Alistair Darling ló ń mójú tó ìṣúná nígbà náà. Conservative lo ọdún 14 lórí oyè, wọn ò dí i. Wọ́n dín ti àwọn tó ju £150,000 lọ kù láti 50 sí 45 ní 2013. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Kwasi Kwarteng tó ń mójú tó ìṣúná fún wọn fẹ́ fagi lé 45 yẹn pátápátá, ó sì jẹ ẹ́ padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Tiwa? Kò kàn án. Rishi Sunak, tó wà nídìí ìṣúná fún Conservative nígbà náà, ló kéde ní 2021 pé £12,570 ò ní sún. Rachel Reeves, tó gba ìṣúná fún Labour, dúró nílé aṣòfin ní 2024, ó ní bí òun bá fa ìdúró yẹn gùn, á pa àwọn òṣìṣẹ́ lára. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló fà á dé 2031. Láti 2010 tí £100,000 ti wà lójú kan, ohun tó o fi ń ra nígbà náà ti tó £150,000 báyìí.

Mi ò sọ pé kí olówó má sanwó orí. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọ mi méjèèjì, a ò san kọ́bọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún láti wọ ọkọ̀ ojú irin ń san 60 lórí apá kan owó rẹ̀, ẹni tó ta ìpín ìdókòwò tó sì jèrè £100,000 ń san 24. Labour àti Conservative ò tíì fọwọ́ kan ìyẹn dáadáa.

Lọ́jọ́ 4 oṣù keje ọdún 2024, mo mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mi lọ síbi ìdìbò. Mo dúró ti pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ títí obìnrin tó jókòó nídìí àpótí fi bi mí bóyá mo nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ká ìwé náà láìfi àmì kankan sí i, mo jù ú sínú àpótí. Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bíi 60 nínú 100 ló dìbò, Labour rí ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n sì kó ìjókòó 411 nínú 650. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀, méjì ló yàn wọ́n. Ìwé òfìfo tèmi ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì dùn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà forúkọ sílẹ̀. Ọmọ Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò fún ilé aṣòfin níbí, ará Poland tó ti lo ogún ọdún níbí láìgba ìwé ọmọ ìlú ò lè ṣe é. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ fún ọ. Má sì tìtorí pé orúkọ Kemi Badenoch, òṣèlú Conservative, jọ tiwa dìbò, má sì tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn rẹ, bi í bóyá á gbé ààlà £100,000 kúrò níbi tó wà, ní kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí aṣòfin tiwa lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀.

Àmọ́ kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣètò owó oṣù yín lọ́la ná. Bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń ti ìwé owó oṣù kẹta pa. Níbi iṣẹ́ wa, ọjọ́ 10 ni.