Ṣé kí n fi carbon sí MgB₂, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Magnesium diboride (MgB₂) ni mò ń ṣe ní yàrá ìwádìí wa. Nígbàkúùgbà tí mo bá fi carbon díẹ̀ rọ́pò boron, Tc rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n òtútù tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná láìsí ìdènà kankan, a máa lọ sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe wáyà ń mọ̀ọ́mọ̀ fi carbon sí tiwọn. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ṣé aluminium tàbí manganese ò ní í sàn jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà yín yóò ti ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ Tc gíga nìkan lẹ ń wá, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ní 2001 ni ikọ̀ Jun Akimitsu ní Japan kéde pé Tc rẹ̀ jẹ́ 39 K (kelvin), ìyẹn nǹkan bí 234 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Nígbà tí wọ́n fi boron-10, irú boron tó fúyẹ́, rọ́pò boron-11 tó wúwo jù ú lọ, Tc gòkè, àmọ́ nǹkan bí 1 K péré ni.

Boron tó fúyẹ́ yẹn ló fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn wá: gbígbọ̀n tí átọ́ọ̀mù boron ń gbọ̀n ló ń so ẹlẹ́kítíróònù pọ̀ ní méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ yìí nílò àyè. Nínú ìdè tó so àwọn boron pọ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, àwọn ibi kan wà tó ṣófo, tí ẹlẹ́kítíróònù ò sí. Carbon ní ẹlẹ́kítíróònù kan ju boron lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni aluminium fi ọ̀kan ju magnesium lọ. Bí wọ́n bá ti ń wọlé ni àyè náà ń dí, tí Tc sì ń já wálẹ̀. AlB₂, tí aluminium ti gba ipò magnesium pátápátá, kì í gbé iná láìsí ìdènà rárá.

Ti manganese burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti òòfà ara rẹ̀ ló jọ ń wọlé, ó sì ń tú àwọn méjì-méjì náà ká. Bó bá rọ́pò nǹkan bí 2 péré nínú 100 magnesium, ó ti parí nìyẹn.

Ohun tí àwọn oníwáyà ń wá lára carbon ni agbára láti kojú òòfà. Àárín pẹlẹbẹ boron gan-an ló ń jókòó sí, àwọn ẹlẹ́kítíróònù ń kọlù ú, wọn ò lè sáré tààrà mọ́, òòfà sì gbọ́dọ̀ le gan-an kó tó lè borí wọn. Bí carbon bá tó nǹkan bí 5 nínú 100 boron, Tc á wá sí nǹkan bí 35 K, ṣùgbọ́n òòfà tó lè fara dà nínú òtútù tó mú jù á kúrò ní nǹkan bí tesla 16 (tesla la fi ń wọn agbára òòfà), á kọjá 30. Ẹni tó ń fi helium olómi ṣiṣẹ́ ní 4.2 K ò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 20 K lẹ fẹ́ lò, tí òòfà ibẹ̀ ò sì le, èmi ò ní í fi carbon sí i.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé carbon tí ẹ wọ̀n lórí òṣùwọ̀n o. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú boron. Ẹ fi X-ray wò ó: bó bá wọlé, ìwọ̀n “a”, ìyẹn bí átọ́ọ̀mù ṣe jìnnà síra lórí pẹlẹbẹ, tó jẹ́ 3.086 Å (angstrom) nínú ojúlówó, á kúrú, ìwọ̀n “c”, ìyẹn bí pẹlẹbẹ kan ṣe jìnnà sí èkejì, ò sì ní í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Bí Tc bá lọ sílẹ̀ tí ìwọ̀n “a” ò kúrò lójú kan, carbon kọ́ ló fà á. Ẹ wádìí bóyá magnesium yín ti gba oxygen sára tàbí ó ti bá ooru lọ. Bí ẹ kò bá sì lè lo ooru ńlá, ẹ gbìyànjú SiC (silicon carbide, àdàpọ̀ silicon àti carbon). Magnesium á gba silicon rẹ̀, á di Mg₂Si, carbon tó bọ́ sílẹ̀ á sì ráyè wọ inú boron láìjẹ́ pé ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.